Ta Ni Yóò Pọnmi fún Ọ̀pẹ Náà?

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé dé. Ní Odòde-Ìdànrè tí mo ti ń kọ̀wé yìí, eruku ọyẹ́ ti ń bo ewé kòkó, omi inú kànga sì ti ń lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí ọdún Kérésìmesì dé, àwọn ọmọ tó wà ní Èkó, ní Abuja àti ní òkè òkun yóò sì máa rọ́ wálé. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fẹ́ kí ilé ti dára kí àwọn tó dé. Wọn a fi owó ránṣẹ́ pé kí a kun ilé ní ọ̀dà, kí a tún géètì ṣe, kí a sì wá nǹkan tútù gbìn síwájú ilé. Láti bí ọdún mélòó kan, nǹkan tútù tí ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè fún ni ọ̀pẹ kan tí ewé rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n po eérú mọ́ fàdákà kùn ún. Lẹ́tà tí ó ti wọlé sí mi lórí ọ̀pẹ yìí láàárín oṣù méjì ju ti ohunkóhun mìíràn lọ, ìbéèrè kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn: ṣé òótọ́ ni pé kì í fẹ́ omi?

Òótọ́ ni fún àgbà rẹ̀, irọ́ ni fún ọmọdé rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín òótọ́ àti irọ́ yẹn ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ọrùn ẹlòmíràn ti ń ro ó.

Kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè é ní "Bismarck", orúkọ yẹn kò sì jìnnà sí ti inú ìwé, nítorí Bismarckia nobilis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ọdún 1881 ni àwọn ará Jámánì méjì, Hildebrandt àti Wendland, sọ ọ́ ní orúkọ náà láti fi yẹ́ Otto von Bismarck sí, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Jámánì nígbà tí wọ́n so ó pọ̀ di ọ̀kan ní 1871. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé orúkọ olóṣèlú tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ igi yìí rí ni igi náà ń jẹ́ káàkiri ayé, nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ní orúkọ tiwọn fún un. Àwa náà ní láti wá tiwa. Ọ̀pẹ òyìnbó kò ṣeé lò, torí èso ẹlẹ́gùn-ún tó ń dùn lẹ́nu ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ wa tipẹ́tipẹ́. Ọ̀pẹ fàdákà ni èmi ń pè é, òun ni n óò sì máa lò níhìn-ín. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ sí mi.

Erékùṣù Madagascar, tó wà nínú òkun ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, nìkan ni ọ̀pẹ fàdákà ti ń hù fúnra rẹ̀. Ìhà ìwọ̀-oòrùn àti àríwá erékùṣù náà ni ó wà, nínú pápá koríko gbalasa, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí iná sì sábà máa ń jó pápá. Iná á jó koríko, á jó igi kéékèèké, ọ̀pẹ fàdákà á dúró síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi ewé rẹ̀ bo ilé. Nílé tirẹ̀ ó lè ga ju mítà 25 lọ, ṣùgbọ́n nínú ọgbà kì í sábà ju mítà 12 lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì fi rìn kó tó débẹ̀. Ewé rẹ̀ ni ìyanu. Bí abẹ̀bẹ̀ ni, ewé kan ṣoṣo sì lè fẹ̀ tó mítà mẹ́ta.

Ẹni tó bá ti rìnrìn-àjò kọjá Ṣakí tàbí tó ti wọ ilẹ̀ Kwara rí yóò ti rí ìbátan rẹ̀ nínú ọ̀dàn láìmọ̀. Àgbọn olódù ni mo ń sọ, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní giginya. Ewé abẹ̀bẹ̀ kan náà, ìdúró kan náà. Àwọn onímọ̀ ewéko sì pín àwọn méjèèjì sí agbolé kan. Ìbátan yìí ló jẹ́ kí ìṣe ọ̀pẹ fàdákà yé mi, nítorí àgbọn olódù ti wà nílẹ̀ wa tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí èso àgbọn olódù bá fẹ́ hù, kì í kọ́kọ́ yọ ewé sókè. Ohun kan bí ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ tì wọlẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni èèhù rẹ̀ yóò ti wú bí iṣu tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó wú yẹn ni àwọn Haúsá ń hú tà ní ọjà ní orúkọ muruchi, tí wọ́n ń sè jẹ. Ọ̀pẹ fàdákà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wọlẹ̀ kó tó yọjú sí oòrùn.

Ìdí nìyí tí ó fi lè fara da ọ̀dá. Bí ewé rẹ̀ bá fi máa pọ̀ tó èyí tí oòrùn lè yọ lẹ́nu, gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti lọ sí ibi tí ọ̀rinrin wà. Àwọ̀ fàdákà tí a ń yìn náà wà lẹ́nu iṣẹ́: ohun kan bí ìda ló bo ojú ewé, tí kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè fẹ́ lọ, tí ó sì ń dá oòrùn padà. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra ewé náà díẹ̀, ìda náà yóò ṣí, ẹ ó sì rí àwọ̀ ewé gan-an lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ọmọdé a máa fẹ́ kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó fún un lágbára yìí náà ló jẹ́ àìlera rẹ̀. Igi tí gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ wà nínú gbòǹgbò kò fẹ́ kí a já gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀pẹ fàdákà tí wọ́n wú láti inú ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, tí wọ́n fi ọkọ́ gé gbòǹgbò rẹ̀ yíká, sábà máa ń kú. Kì í sì kú lójú ẹsẹ̀. Yóò tutù yọ̀yọ̀ fún bí oṣù kan tàbí méjì, nítorí oúnjẹ tó wà lára rẹ̀ kò tíì tán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gọ̀mọ̀ àárín rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà yẹn, ẹni tó tà á ti gbàgbé yín.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tiwa. Ìdànrè kì í ṣe aginjù. Ìlú kòkó ni wá, òjò sì ń rọ̀ fún wa láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n ìlú ẹsẹ̀ òkúta ni wá pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, abẹ́ àpáta ni wọ́n tẹ̀dó sí. Àwọn àlejò ń wá láti ibi gbogbo láti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wo ìlú àtijọ́ náà, UNESCO pàápàá ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí a dábàá fún àjogúnbá àgbáyé láti 2007. Ẹwà ni fún ẹni tó ń wò ó. Fún ẹni tó ń dáko ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ rẹ̀, nǹkan mìíràn ni. Òjò tó rọ̀ sórí àpáta kì í dúró. Eré ló ń sá wá bá wa, yóò gba ẹnu ọ̀nà kọjá, yóò kó iyẹ̀pẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, àpáta yóò mu oòrùn láti òwúrọ̀, yóò máa tú u jáde bí ààrò títí di òru. Mo mọ ilé tí àpáta yọ orí sí àárín àgbàlá rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń sá aṣọ àti ẹ̀gẹ́ lé e. Ilẹ̀ tí kò jìn, tí ooru sì wà lápá kan rẹ̀, kì í pẹ́ gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, kànga ilé mìíràn kì í sun ju gàrawà díẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé tó ní kànga ẹlẹ́rọ ń rí owó epo gbé kalẹ̀. Ilé tí kò ní i ń rán ọmọ. Bí ẹ bá jáde ní agogo márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀ ní àkókò náà, àwọn tí ẹ ó kọ́kọ́ pàdé lójú ọ̀nà ni àwọn ọmọdébìnrin pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń sáré kí agogo ilé-ìwé má baà lù wọ́n mọ́ta. Èyí ni mo fi máa ń bi ara mi léèrè, bí mo bá rí ọgbà tó tutù minimini ní oṣù kejì ní ilé tí kò ní ẹ̀rọ omi, pé orí ta ni omi yìí gbà kọjá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde fún mi ní gbangba. Ìyá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni wọ́n jọ ń gbé ilé. Ní oṣù tó kọjá, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Èkó fi àwòrán ọ̀pẹ fàdákà ránṣẹ́ sí fóònù mi pé kí n fi han Màmá. Márùn-ún ló fẹ́ kí a gbìn láti ẹnu géètì títí dé ẹnu ọ̀nà, kí ó tó di ọdún. Màmá gba fóònù náà, ó sún un sẹ́yìn kí ó lè rí i dáadáa.

"Ó dára o," ni ó wí. "Ṣé ó ń so ẹyìn?"

Mo ní kì í so ẹyìn, Màmá. Èso tó ń so kì í ṣe jíjẹ, akọ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀, abo rẹ̀ wà lọ́tọ̀.

"A kò lè fi ṣe ìgbálẹ̀?"

Mo ní bóyá a lè dán an wò.

Ó tún àwòrán náà wò pẹ́. "Ẹwà náà tó nǹkan," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò pọnmi fún un? Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè fún mi."

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé kì í fẹ́ omi.

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé kan ládùúgbò wa náà ní ọdún tó kọjá. Wọ́n gbin mẹ́fà, àwọn ńláńlá tí ọkọ̀ gbé wá, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Kérésìmesì. Gbogbo ẹni tó wá ṣe ọdún ló yà á ní fọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kìíní, àwọn onílé padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn, ó wá ku ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ilé. Ó pọnmi títí tí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ó sì ń tọrọ àforíjì lórí fóònù bí ewé ṣe ń rọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, ẹyọ kan ló kù láàyè. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ìyá náà gbà pé òun ló pa wọ́n. Òun kọ́. Oṣù kejìlá ló pa wọ́n, àti ọkọ́ ẹni tó wú wọn.

Nítorí náà, ohun kìíní tí mo fẹ́ kí ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ni pé oṣù kejìlá kì í ṣe oṣù ìgbin ọ̀pẹ. Bí a bá gbìn ín ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin tí ilẹ̀ sì ti rin wọ inú, yóò ní oṣù mẹ́fà tàbí méje tí òjò yóò fi bá wa pọnmi fún un, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì ti rìn jìnnà kí ọyẹ́ tó dé. Bí a bá gbìn ín ní oṣù kejìlá, gàrawà ni gbogbo oṣù mẹ́ta tó le jù nínú ọdún. Kí ẹni tó fẹ́ rí i nígbà ọdún gbìn ín ní oṣù kẹrin de Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá wù ú, kó wá wo ihò rẹ̀ lásìkò Àjíǹde.

Èkejì, ẹ ra kékeré. Mo mọ̀ pé ńlá ló ń wù wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀pẹ tó wà nínú ọ̀rá láti kékeré, tí ewé rẹ̀ kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ni gbòǹgbò rẹ̀ pé. Ẹ gbé ọ̀rá náà sókè. Bí gbòǹgbò bá ti dá ìdí ọ̀rá lu tí ó sì ti wọ ilẹ̀ ibi tó wà, ó ti di onílé níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀gọ̀mọ̀ tó wà láàárín: kí ó le, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó má ṣe yọ bí a bá fi ọwọ́ fà á jẹ́jẹ́. Ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka tí yóò tún yọ bí orí rẹ̀ bá bàjẹ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá inú oòrùn ló ti dàgbà tàbí abẹ́ ibòji, nítorí èyí tó ti ń gbé abẹ́ ibòji ní láti mọ oòrùn díẹ̀díẹ̀ kí ewé rẹ̀ má baà jóná.

Nípa ibi tí a ó gbìn ín sí, ẹ má yára. Ní Odòde, ẹ wá ọ̀pá irin tó gùn tó mítà kan, kí ẹ fi gún ilẹ̀ ní ibi márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn òjò. Ibi tí ọ̀pá bá ti pàdé àpáta kí ó tó wọlẹ̀ dé ìdajì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìkòkò òdòdó. Ibi tí ó bá wọlẹ̀ tán ni ibi ọ̀pẹ. Ẹ wo ojú ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà pẹ̀lú. Ọmọ ọ̀pẹ yìí kò fẹ́ kí omi rọ́gún sí ìdí rẹ̀, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn omi tó. Kí ó jìnnà sí ògiri tó mítà mẹ́rin, ó kéré tán, kí wáyà iná má sì ṣe wà lókè rẹ̀. Ìdí ewé rẹ̀ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ní í ṣe ilé ní jàǹbá, torí gbòǹgbò ọ̀pẹ kì í sanra sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún bíi ti igi fùrúùtù tó máa ń gbé kọnkéré dìde.

Kọnkéré yẹn náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Àṣà tó gbòde báyìí ni kí a fi síméńtì tàbí ìntàlọ́ọ̀kì bo gbogbo iwájú ilé, kí a wá gé ojú ihò kékeré kan sílẹ̀ fún igi bí ìgbà tí a gé ihò bọ́tìnnì. Lábẹ́ àpáta tó ti ń tú ooru jáde tẹ́lẹ̀, a tún fi àpáta mìíràn kún un. Bí ẹ bá fẹ́ gbin ọ̀pẹ yìí, ẹ fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà méjì ní ìbú àti ní òró sílẹ̀ fún un láìbò. Òjò tó bá wọ ibẹ̀ ni omi tí ẹnikẹ́ni kò ní láti rù.

Ihò rẹ̀ kò ju kí ó jìn tó ọ̀rá rẹ̀, kí ó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fa ọmọ ọ̀pẹ yọ, ẹ má sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù. Ẹ gbé e sínú ihò bí ẹni gbé ọmọ titun. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde náà ni kí ẹ fi dí i padà. Kò sí ìdí láti kó ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i, ńṣe ni yóò jó gbòǹgbò. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe ebè kékeré yí ìdí rẹ̀ ká bí àwo, kí omi tí a bá dà má ṣàn lọ.

Ìṣirò omi rèé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Láàárín òjò, a kò ní pọnmi àfi bí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ bá gùn jù. Láti oṣù kọkànlá títí di òjò àkọ́rọ̀ ọdún àkọ́kọ́, gàrawà oní-lítà 20 kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí a rọra dà á ní ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn tó gàrawà 40 láàárín ọ̀sẹ̀ 20. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ méjì, bí ọyẹ́ bá le. Lẹ́yìn náà, ó lè máa wo òjò bí gbogbo igi yòókù ti ń wò ó. Ẹ máa dà á púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó tún da òmíràn. Ife omi kan lójoojúmọ́ kò kọ́ gbòǹgbò láti wá omi lọ sísàlẹ̀, òkè ni yóò máa dúró sí tí yóò máa retí ife.

Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ fúnra yín: ọ̀pẹ márùn-ún, gàrawà 200 ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Nígbà tí mo fi iye yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, kò dá mi lóhùn títí di ọjọ́ kejì. Èsì tó wá fi ránṣẹ́ ni pé kí a gbin ẹyọ kan.

Kì í ṣe gbogbo gàrawà náà ló ní láti jẹ́ omi mímu. Omi tí a fi fọ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà dára fún un. Omi tí a fi ṣan aṣọ kẹ́yìn kò burú, bí kò bá sí oògùn tí ń mú aṣọ funfun nínú rẹ̀. Kí a máa fi omi lásán dá a kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí iyọ̀ ọṣẹ má baà dì sí ilẹ̀.

Ohun kan wà tí a ní ní Ìdànrè tí àwọn ará Èkó kò ní, òun sì ni èèpo kòkó. Òkìtì rẹ̀ wà nínú oko gbogbo. Àwọn ìyá wa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí eérú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ohun tó ń mú eérú náà ta yìí ni potassium, oúnjẹ tí ọ̀pẹ kò lè ṣe aláìní. Ẹ kó èèpo kòkó tó ti jẹrà di dúdú, kì í ṣe tútù, kí ẹ tẹ́ ẹ yí ìdí ọ̀pẹ ká kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ọrùn rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Yóò dá ọ̀rinrin dúró, yóò bo ilẹ̀ lọ́wọ́ ooru àpáta, yóò sì máa bọ́ ọ bí ó ti ń rà.

Bí potassium bá wọ́n ọ̀pẹ, ewé ìsàlẹ̀, àwọn tó ti pẹ́ jù, ni yóò kọ́kọ́ fi hàn: àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ ìyeyè tàbí ọsàn yóò yọ lójú wọn, etí wọn yóò sì gbẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n gé àwọn ewé náà kí ilé má baà rí játijàti fún àlejò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé wọn. Inú àwọn ewé yẹn ni ọ̀pẹ ti ń yá potassium lọ fún ewé tuntun. Bí a bá gé wọn, ewé tó tẹ̀ lé wọn ni yóò kàn. Ewé tó bá gbẹ tán pátápátá nìkan ni kí ẹ gé. Ojú ọgbẹ́ tútù lára ọ̀pẹ tún ń pe kòkòrò tó ń bí ìtún, ìdin sísanra tí àwọn kan ń dín jẹ. Ìtún dùn lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inú ọkàn ọ̀pẹ ló ti ń dàgbà.

Èrò tèmi ni pé, bí ilẹ̀ yín bá gba igi kan ṣoṣo, tí ẹ kò sì tíì ní igi ibòji, kí ẹ gbin igi ibòji ná. Ọ̀pẹ fàdákà kì í ṣíji bo ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ ni ewé rẹ̀ yóò máa tẹ́ sí títí tí ìtí rẹ̀ yóò fi yọ. Ẹwà ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò rí ohun tó burú nínú kí ilé ní ẹwà, Màmá náà kò sì rí i. Ó ti yan ibi tí ẹyọ kan ṣoṣo náà yóò dúró sí, lápá ọ̀tún géètì, níbi tí ọ̀pá irin ti wọlẹ̀ tán láìkan òkúta. Ẹ̀gbọ́n wa sì ti gbà láti fi owó ọ̀pẹ mẹ́rin yòókù ra ọ̀rá omi ńlá tí yóò máa gba omi òjò láti orí páànù.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ti rà á kí ẹ tó ka ìwé yìí, nítorí mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ẹ má gbìn ín. Ẹ fi sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ títí di oṣù kẹrin, ní ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ti lè kàn án tí ti ọ̀sán kò ní í pa á. Ẹ má gbé ọ̀rá dúdú sórí kọnkéré tàbí àpáta, torí ooru yóò se gbòǹgbò inú rẹ̀. Orí pákó tàbí orí koríko ni kí ó wà. Ẹ máa fi ìka tọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò: bí ó bá ti gbẹ dé oríkèé kejì, ẹ bu omi sí i títí tí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ìyẹn máa ń jẹ́ nínú ọyẹ́. Ọ̀ṣẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa sún ọ̀rá náà kúrò lójú kan díẹ̀, kí gbòǹgbò má baà yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọ ilẹ̀ níbi tí ẹ kò fẹ́ kí ó wà.